Kògbóògùn: Ìtàn Orúkọ Àrùn Kan àti Bí Ó Ṣe Ń Dènà Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ náà ni ó rí fún àrùn. Nígbà tí àrùn tuntun bá wọ ìlú, àwọn onímọ̀ èdè kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tí ojú wọn rí i ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú wọn sì rí ní ọjọ́ náà ni wọ́n ń fi sínú orúkọ. Ṣùgbọ́n ilé tí a wò lánàá lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kì í tún ara rẹ̀ ṣe.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó tọpasẹ̀ ìtàn orúkọ kan ṣoṣo, èyí tí àwa Yorùbá fún àrùn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní AIDS, ìyẹn àrùn kògbóògùn. Èrò wa ni pé orúkọ yìí bá òtítọ́ mu nígbà tí a fún un, pé òtítọ́ ti fi í sílẹ̀ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àti pé ó wà lára ohun tí ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ó kan ẹni tí ń kọ́ni ní èdè, ẹni tí ń kọ ìwé atúmọ̀ èdè, àti ẹni tí ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Orúkọ mẹ́ta ní Zongo

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí orúkọ púpọ̀ ti pàdé. Zongo wà lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Niamey, olú-ìlú ilẹ̀ Niger, lẹ́bàá Odò Ọya. Inú ọ̀rọ̀ Haúsá, zango, ni orúkọ náà ti jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí àwọn oníṣòwò tí ń rin ọ̀nà jíjìn ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi. Bákan náà ni a ń gbọ́ ọ ní Kumasi, ní Accra, ní Lomé àti ní Cotonou. Níbikíbi tí Zongo bá wà, àdúgbò àlejò ni. Ní ọdún 1926 ni ìjọba Faransé gbé olú-ìlú kúrò ní Zinder wá sí Niamey. Bí ìlú náà ti ń gbòòrò ni àwọn oníṣòwò ń dé láti ilẹ̀ Haúsá, láti Dahomey àti láti ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń gbé pọ̀ pẹ̀lú àwọn Zarma onílẹ̀.

Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, àrùn kan náà ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta ó kéré tán. Faransé, èdè ìjọba àti ti ilé ìwòsàn, pè é ní sida. Haúsá pè é ní ƙanjamau. Yorùbá pè é ní éèdì tàbí kògbóògùn. Ẹ jẹ́ kí a gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò. Àkékúrú ni sida, a fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́rin ṣẹ̀dá rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé. Ƙanjamau ń sọ ohun tí ojú rí, ìyẹn ni pé ara ènìyàn ń rù, ó ń gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè Haúsá kí àrùn yìí tó dé. Ṣùgbọ́n kògbóògùn kò ṣàpèjúwe ara aláìsàn, kò sì sọ ohun tí ó fa àìsàn náà. Ìdájọ́ ni ó jẹ́. Ó ti sọ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ fún aláìsàn kí ó tó jókòó níwájú dókítà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni a ń wá lọ sí Niger, nígbà tí àrùn náà kò gbilẹ̀ níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Ìwádìí tí ìjọba Niger ṣe ní ọdún 2006 rí i pé ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 49 ni ó ní kòkòrò náà lára. Ní ọdún 2012, ó ti wá sí ìdá 0.4. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ènìyàn ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ni. Haúsá ní ọ̀rọ̀ fún àṣà náà: cin rani, èyí tí a lè pè ní jíjẹ ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn ni kí ọ̀dọ́kùnrin fi oko sílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, kí ó lọ wá owó ní Abidjan, ní Accra tàbí ní Èkó, kí ó tó padà wálé nígbà òjò. Ní òpin ẹ̀wádún 1990, ilẹ̀ Côte d'Ivoire wà lára àwọn tí àrùn náà hàn léèmọ̀ jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀. Níbi tí àrùn kò ti wọ́pọ̀, ènìyàn díẹ̀ ni ó mọ ẹnìkan tí ó ní i tí ó sì ń ṣiṣẹ́, tí ó ń tọ́mọ, tí ó ń gbádùn ayé rẹ̀. Orúkọ nìkan ni ó kù tí wọ́n mọ̀. Níbẹ̀ ni orúkọ burúkú ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Bí Yorùbá ṣe ń sọ àrùn lórúkọ

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ àrùn lórúkọ kò ju bíi mélòó kan lọ. Èkíní ni àpèjúwe. Ikọ́ àwúgbẹ ni ikọ́ tí a ń wú títí ara fi ń gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe, ìtọ̀ ṣúgà sì sọ ohun tí ó wà nínú ìtọ̀. Èkejì ni àdàpè, èyí tí ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ń bí. Àwọn bàbá wa kì í ṣàdédé pe Ṣọ̀pọ̀nná lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní Olóde, wọ́n ń pè é ní Ilẹ̀-gbóná, wọ́n sì ń pè é ní Ọbalúayé. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò nílé ayé, síbẹ̀ àwọn àdàpè rẹ̀ kò tíì kúrò nínú èdè wa. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa: orúkọ àrùn a máa pẹ́ láyé ju àrùn fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀-àyálò, níbẹ̀ ni éèdì sì wà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà parí sí ìsùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, sílébù Yorùbá kì í sì í parí sí kọ́ńsónáǹtì irú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, a gé ìkẹyìn sọnù, a sì fi fáwẹ́lì kan tì í. Ọ̀nà tí a fi ń yá ọ̀rọ̀ wọ èdè wa lójoojúmọ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà nínú èdè ṣáájú, èyí ni èèdì, oògùn tí a fi ń di ènìyàn kí ó má lè ṣe bí ó ti fẹ́. Ohùn ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìwé ìròyìn tí kò bá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ a máa kọ wọ́n bákan náà gẹ́lẹ́. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ẹni tí ó rí àìsàn tí ń jẹ orúkọ tí ó jọ bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò tú u sílẹ̀ kí ó tó wá ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹrin ni kògbóògùn. Wúnrẹ̀n mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: kò, gbọ́, àti oògùn. Gbọ́ nínú èdè Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ etí nìkan. Ọmọ tí ó gbọ́ràn ni ọmọ tí ó ṣe ohun tí a sọ. Àrùn tí ó gbóògùn ni èyí tí ó tẹrí ba fún oògùn. Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ wà nínú kò. Wúnrẹ̀n ìyísódì yìí kò fi àsìkò kankan hàn. Kò gbóògùn lè jẹ́ ti àná, ó lè jẹ́ ti òní, etí sì lè gbọ́ ọ bí ẹni pé títí ayé ni. Bí àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ bá ti lo kò tíì, ìyẹn ni pé àrùn tí kò tíì gbóògùn, ìrètí ì bá wà nínú orúkọ náà. Tíì kan ṣoṣo ni ó sọnù, ó sì fa ọ̀pọ̀ nǹkan.

Nígbà tí orúkọ náà jẹ́ òtítọ́

A kò gbọdọ̀ dá àwọn tí ó ṣẹ̀dá orúkọ yìí lẹ́bi. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 1981 ni àjọ CDC ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ nípa àìsàn àjèjì kan lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún ní Los Angeles. Nítorí pé àwọn ọkùnrin tí ń bá ọkùnrin lò pọ̀ ni a kọ́kọ́ rí i lára wọn, àwọn kan sọ ọ́ ní GRID, orúkọ tí ó so àrùn náà mọ́ wọn lọ́rùn. Kò pẹ́ tí a rí i lára àwọn tí a fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, lára àwọn obìnrin àti lára àwọn ọmọ ọwọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, wọ́n pa orúkọ náà tì, wọ́n mú AIDS. Ní ọdún 1983, Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Institut Pasteur ní Paris rí kòkòrò tí ń fa àrùn náà. Paris pè é ní LAV, Amẹ́ríkà pè é ní HTLV-III, títí ìgbìmọ̀ onímọ̀ fi fẹnu kò sí HIV ní ọdún 1986. Ní Dakar, Souleymane Mboup wà lára àwọn tí ó ṣe àwárí ẹ̀yà kejì, HIV-2, èyí tí ó jẹ́ pé agbègbè tiwa yìí ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Láàrin ọdún márùn-ún péré, nígbà tí ìmọ̀ yí padà, àwọn onímọ̀ yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì. Kí a fi èyí sọ́kàn.

Ọdún 1986 náà ni a kéde pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí oògùn tí ó lè dá a dúró. AZT tí ó jáde ní ọdún 1987 kò ju kí ó dín ìyà kù fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó pe àrùn náà ní kògbóògùn nígbà náà kò parọ́.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì jáde láyé ní Èkó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sì sọ gbangba pé àrùn tí AIDS ń fà ni ó pa àbúrò òun. Ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ pé àìsàn ránpẹ́ ni ó pa olóògbé, ohun ńlá ni ọ̀rọ̀ náà. Nelson Mandela ṣe irú rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní oṣù Kìíní ọdún 2005 nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú. Àwọn àgbà méjèèjì kọ àdàpè sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àrùn tí a kò lè dárúkọ rẹ̀ nínú ilé, a kò lè wò ó.

Nígbà tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóògùn

Ṣùgbọ́n ní ọdún kan ṣáájú ikú Fẹlá, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi hàn pé bí a bá lo oògùn mẹ́ta pa pọ̀, kòkòrò náà yóò rọlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sójà ara yóò sì tún gbérí. Àwọn tí ó ti dùbúlẹ̀ de ikú dìde padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún náà ni kògbóògùn di irọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí a mọ̀ ní Èkó àti ní Niamey ni owó. Oògùn ọdún kan fún ènìyàn kan ju 10,000 dọ́là lọ. Àrùn ti ń gbóògùn, àwa ni apá wa kò ká oògùn.

Ìyẹn náà yí padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà sọ pé òun yóò ta oògùn ọdún kan ní 350 dọ́là fún àwọn oníṣègùn aláàánú. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Abuja lórí àrùn yìí. Ní 2002, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fẹ́ kí àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000 máa rí oògùn lò, àwọn aláìsàn sì ń san díẹ̀ níbẹ̀. Láti 2006, ó di ọ̀fẹ́. Ìwádìí ńlá tí a ṣe ní 2018 rí i pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 49 ní Nàìjíríà ni ó ní kòkòrò náà.

Ohun tí àyẹ̀wò ń sọ

Kí a tó padà sí ọ̀rọ̀ èdè, ó yẹ kí a sọ ohun tí ìmọ̀ òde òní sọ ní kedere. HIV ni kòkòrò. AIDS ni ipò tí ara ń bọ́ sí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí a kò bá wo kòkòrò náà, tí ó ti pa sójà ara tán. Ènìyàn lè ní kòkòrò náà fún bí ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá láìsí àmì kankan lára rẹ̀. Níbí ni ƙanjamau ti ń tan ẹni tí ń gbọ́ ọ jẹ, nítorí pé ẹni tí ó sanra lè ní i. Níbí náà ni éèdì àti kògbóògùn ti ń da ọ̀rọ̀ rú, nítorí pé a ń fi wọ́n pe kòkòrò, a tún ń fi wọ́n pe àìsàn ìkẹyìn.

Ẹ̀jẹ̀, àtọ̀, omi ojú ara obìnrin àti omi ọyàn ni kòkòrò náà ń bá rìn. Ìbálòpọ̀ láìsí ìdáàbòbò ni ó ń gbà wọlé jù. Ó tún ń gba inú ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò, abẹ́rẹ́ tí a ti lò, àti abẹ olóòlà tàbí ti onígbàjámọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀. Ìyá lè kó o ran ọmọ nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí nígbà ọmú. Ẹ̀fọn kì í gbé e. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́, jíjẹun nínú àwo kan náà, tàbí lílo ilé ìyàgbẹ́ kan náà kò lè kó o ranni.

Kọ́ńdọ̀mù ń dènà rẹ̀. Láti 2012 ni oògùn oníhóró kan ti wà fún ẹni tí kò ní i ṣùgbọ́n tí ó wà nínú ewu. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ lenacapavir, èyí tí a ń gbà lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún, fún irú ìdènà yìí kan náà. Bí ìyá tí ó ní kòkòrò náà kò bá lo oògùn, ọmọ 15 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó lè kó o. Bí ó bá lò ó dáadáa, kì í tó 5. Ìwádìí PARTNER, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016, tẹ̀lé tọkọtaya àti olólùfẹ́ 888 tí ọ̀kan nínú wọn ní kòkòrò náà tí oògùn sì ti tẹ̀ ẹ́ rì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bá ara wọn lò pọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù ní nǹkan bí ìgbà 58,000. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó kó o láti ara ẹnìkejì rẹ̀.

Gbogbo àǹfààní yìí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, àyẹ̀wò sì ni ilẹ̀kùn náà. Ìkán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka tó, èsì rẹ̀ kì í sì í ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹni tí ó bá rò pé òun ko ewu ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àyẹ̀wò lè má tíì rí kòkòrò náà, nítorí náà kí ó tún padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹ wá wo ohun tí orúkọ ń ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ béèrè bóyá òun ní àrùn tí kò gbóògùn? Bí kò bá gbóògùn, kí ni àǹfààní mímọ̀ rẹ̀? Ìdáhùn tí ọgbọ́n orí fún un ni pé kí ó jókòó sílé. Kì í ṣe òmùgọ̀, orúkọ tí a fún un ni ó gbà gbọ́. Ó ṣe tán, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà náà kì í tán pátápátá lára ọ̀pọ̀ tí ó ní wọn, oògùn ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń gbé. Kò sí ẹni tí ó pe èyíkéyìí nínú wọn ní kògbóògùn. Bí HIV náà ṣe rí lónìí nìyẹn. A kò tíì ní oògùn tí yóò lé e jáde lára gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó gbóògùn, ó gbọ́ ọ dáadáa.

A sì ti sọ àyẹ̀wò di ohun ìdẹ́rùbà ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ń béèrè ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí òfin ọdún 2014 ní Nàìjíríà fi kà á léèwọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó mọ àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń lé ènìyàn sẹ́yìn kò lè tètè gbà pé a fi ń gba ènìyàn là.

Kí ni kí a ṣe?

Yíyí orúkọ àrùn padà kì í ṣe nǹkan tuntun. A ti rí i bí GRID ṣe di AIDS. Ní 1995, òfin ilẹ̀ Brazil pàṣẹ pé kí ìwé ìjọba má lo orúkọ àtijọ́ fún ẹ̀tẹ̀ mọ́, nítorí ẹ̀gàn tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde mpox dípò orúkọ tí ó so àrùn mọ́ ọ̀bọ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àkójọpọ̀ èdè-ìperí fún HIV, AIDS àti Ebola ní Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè-ìperí tí kò kúrò nínú ìwé kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ohun mẹ́ta ni a dá lábàá. Èkíní, kí àwọn tí ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ àti ìwé atúmọ̀ èdè fi kògbóògùn sípò ọ̀rọ̀ ìtàn, kí wọ́n sọ ìgbà tí ó jẹ́ òtítọ́ àti ìgbà tí ó tán. Èkejì, kí a ya kòkòrò sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Kòkòrò apasójà-ara ti wà lẹ́nu àwọn oníròyìn fún HIV. Kí a fi éèdì sílẹ̀ fún àìsàn ìkẹyìn nìkan, kí a sì máa fi àmì ohùn sí i nígbà gbogbo kí ó má baà di èèdì. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ń fún ènìyàn ní èsì àyẹ̀wò, yálà ní Èkó ni tàbí láàrin àwọn Yorùbá tí ń bẹ ní Niamey, ní gbólóhùn tí ó péye lẹ́nu: "Wọ́n rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ó gbóògùn. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lónìí."

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé orúkọ kògbóògùn ní ọjọ́ ìbí, ó sì yẹ kí ó ní ọjọ́ òpin. Àwọn baba wa ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ohun tí orúkọ yìí ṣe ni pé ó mú àìsàn, ó pè é ní ikú, ó sì mú kí àwọn tí a lè wò rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́. Àwọn oníṣègùn ti ṣe iṣẹ́ tiwọn láti ọdún 1996. Tiwa tí a jẹ́ olùkọ́ èdè ni ó kù. Ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún kọ àrùn kògbóògùn sínú àròkọ rẹ̀, kí a má ṣe fi yẹ́ńkú pupa fa ìlà sí i lásán. Kí a bi í pé ta ni ó sọ fún un pé kò gbóògùn, kí a sì fi ìtàn náà kọ́ ọ.